Ìwé Orúkọ Tó Há Jù

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ìwé orúkọ tí a ń kó sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa kò ní ààyè ju ti orúkọ, nọ́ńbà àti owó ẹgbẹ́ lọ. Àwọn awakọ̀ ní kí ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì wọn yóò parí wà níbẹ̀. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ní kí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe ènìyàn léṣe wà níbẹ̀. Èsì tí wọ́n gbà ni pé kò sí ààyè. A kò gbà bẹ́ẹ̀.

Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé kí ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti ròyìn rẹ̀ fún àjọ NSITF. Bí a kò bá kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ni a ó fi gbèjà onítọ̀hún?

Iṣẹ́ náà kò le. Kí ìwé àgbà wà bó ṣe wà. Kí a ṣí ìwé kejì fún ìbéèrè tí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fẹ́, àti ìkẹta fún ìdáhùn, kí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ so wọ́n pọ̀. Bí ìbéèrè tuntun bá dé lọ́la, a kò ní tún gbogbo ìwé tò.

Ṣùgbọ́n kí ibi ọjọ́ gba ọjọ́ nìkan. Ẹni tó bá kọ “oṣù tó kọjá” síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè bá a ka ọjọ́ 14. Ọ̀rọ̀ àìsàn ńkọ́? Akọ̀wé nìkan ni kó máa rí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gáréèjì.

Kí awakọ̀ Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ mú ìbéèrè tiwọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.