Ọ̀nà Ọ̀fun Kò Gbọdọ̀ Di Ọ̀nà Ọ̀run

Alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń pè wá, ẹni tó jẹ tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́, kí ni yóò jẹ, kí ni yóò ṣẹ́ kù? Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá lóṣù yìí.

Ẹ wo bí àìsàn náà ṣe ń yọ́ wọlé. Ẹran á kọ́kọ́ há, wọ́n á pa ẹran tì. Iyán á há, wọ́n á gba ẹ̀kọ mímu. Kó tó pẹ́, ẹ̀kọ pàápàá kò lọ mọ́. Àwọn kan á ní ayé ló fi nǹkan sí oúnjẹ fún un. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé ikùn, tó gùn tó nǹkan bí ínǹṣì 10, ló ń fún. Ó lè jẹ́ àpá egbò tí omi kíkan inú ikùn dá síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí oúnjẹ àti omi bá jọ ń há láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ iṣan ibẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù náà lè máa húkọ́ nígbàkigbà tó bá mu omi. Ẹ má fi ipá bọ́ ọ, kí omi má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Èrò tiwa ni pé fífi oúnjẹ rírọ̀ rọ́pò èyí tó le kì í ṣe ìwòsàn. Ó kàn ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni. Bí oúnjẹ bá ń há fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ bá ń rù, bí ohùn bá há, bí ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì rárá. Ìjẹ̀ṣà mọ iyì ìwọ̀n: ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Wesley Guild, Iléṣà, fi ìwé ìwọ̀n ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ọmọ bá ń rù. Àgbà náà yẹ kó máa gun òṣùwọ̀n.

Àwọn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi di ọ̀la. Ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí eegun ẹja bá há, ẹ má fi òkèlè ẹ̀bà tì í. Ó lè gún ọ̀nà ọ̀fun wọlé. Ọmọ tó bá gbé bátìrì kékeré bíi bọ́tìnnì mì, wákàtí méjì péré ti tó kó jó o nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ omi kọ́sítíìkì sódà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì í. Bó bá ń bọ̀ sókè, á tún jó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá, ẹ padà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àpá lè fún ọ̀nà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wa. Wesley Guild wà lábẹ́ ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀, ti UNIOSUN sì wà l'Óṣogbo. Wọ́n lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníná wo inú ọ̀fun. Bó bá jẹ́ àpá, wọ́n lè là á. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí tí a tètè rí ló ṣeé bá jà.

Owó ńkọ́? A máa ń yáwó ṣe ìsìnkú, a máa ń yáwó ra aṣọ ẹbí. Lójú tiwa, ọmọ ẹgbẹ́ tó mú ìwé dókítà wá ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ẹ̀yáwó, kí aṣọ ẹbí dúró ná. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.