Ẹsẹ̀ Tí Ń Ta Bí Ata: Kì Í Ṣe Gbogbo Ìrora Iṣan Ni Fítámì Ń Wò

Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìrora iṣan mu gan-an. Ẹnìkan yóò sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń ta bí ata lálaalẹ́. Ẹlòmíràn yóò ní ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ ara òun. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ bí bàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé ilé ìtajà oògùn, ohun kan náà ni a sábà máa ń fi lé wọn lọ́wọ́: abẹ́rẹ́ tàbí hóró oògùn fítámì B, tí a ó ní ó ń fún iṣan lókun. Ní èrò tèmi, àṣà yìí ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Fítámì wúlò, ṣùgbọ́n a kì í béèrè ohun tí ó fa ìrora náà kí a tó lò ó.

Iṣan tí à ń sọ níhìn-ín ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ìmọ̀lára láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Nínú àwọn èròjà tí wọ́n nílò, fítámì B12 ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí òun ni ara fi ń tọ́jú ìbòrí tí ó yí iṣan ká. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a ti ń rí i. Kò sí nínú ẹ̀fọ́ tàbí iṣu. Nǹkan bí máíkírógíráàmù 2.4 péré ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, síbẹ̀ ẹni tí kò bá rí i tó fún ọdún mélòó kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrora, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa kú. Bí a bá tètè mọ̀, ìtọ́jú wà fún un. Bí ó bá pẹ́ jù, ìbàjẹ́ náà lè má ṣeé tún ṣe mọ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n metformin, oògùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, lè dín bí ara ṣe ń gba B12 kù, pàápàá bí a bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìrora kan ṣoṣo lè ní orísun méjì nígbà náà. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn dókítà nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ ìwọ̀n B12 wò lára ẹni tí ń lo metformin bí àmì àìtó rẹ̀ bá hàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ó béèrè.

Ilẹ̀ wa gan-an ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ àti iṣan. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ ń ta, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí wọn kò sì lè rìn dáadáa. Ó so àìsàn náà mọ́ májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́, nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tó. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn inú rẹ̀ kò yẹ̀: kí a rẹ ẹ̀gẹ́ kí ó kan dáadáa kí a tó sè é tàbí dín in ní gààrì, kí a sì fi ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà tì í lẹ́yìn.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Fítámì B6 tí à ń mu nítorí iṣan, bí ó bá pọ̀ jù, a máa ba iṣan náà jẹ́, yóò sì mú ìrora tí a ń sá fún wá. Ní ọdún 2023, àjọ tí ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé kí ohun tí àgbàlagbà ń gbà lójúmọ́ má kọjá mílígíráàmù 12. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, hóró kan ṣoṣo nínú àwọn tí à ń tà lè ní 100 tàbí 200. Dókítà lè ní ìdí láti fúnni ní èyí tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ ọjọ́ tí a ó dáwọ́ dúró. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń lo sínkì púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè di ẹni tí bàbà kò tó nínú ara rẹ̀, àìtó bàbà yìí pẹ̀lú sì ń ba iṣan jẹ́.

Kí ni kí á ṣe? Kí àwọn tí ń ta oògùn kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà: ṣé ó ní àtọ̀gbẹ? Oògùn wo ni ó ń lò? Ṣé ọtí líle ni ó ń mu? Kí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba sì jẹ́ kí àyẹ̀wò B12 wà ní iye tí mẹ̀kúnnù lè san, pàápàá fún àwọn tí ó ti pẹ́ lórí metformin. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹsẹ̀ bá ń ta yín tàbí tí ó ń kú, ẹ gbé àwọn oògùn tí ẹ ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ tó ra fítámì kankan. Ìlera loògùn ọrọ̀.