Ẹ Má Gbé Gẹ̀ẹ́sì Sí Fúnmiláyọ̀ Lẹ́nu

Ní Útàkò níbí, ní Àbújá, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń kó èrò lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí síbí kì í bá ọkọ̀ náà lọ. Haúsá ni wọ́n ń gbọ́ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́ níléèwé. Inú ilé nìkan ni ó kù fún Yorùbá. Sinimá ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi rí ìtàn ìran rẹ̀, kí ó sì fi gbọ́ èdè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹjọ́ kan láti rò.

Ní ọdún 2024, sinimá tí Ìyáàfin Bọ́láńlé Austen-Peters darí lórí ìgbésí ayé Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dé àwọn gbọ̀ngàn ìwòran wa. Iṣẹ́ ńlá ni. Kí obìnrin dìde kí ó sọ ìtàn obìnrin, ó tọ́, ó sì yẹ; mo kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba apá tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà.

Ta ni Fúnmiláyọ̀? Ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1900 ni, ó sì kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, nígbà tí ó fara mọ́ àwọn obìnrin ọjà, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó ró ìró, ó sì ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ní gbangba, débi pé àwọn aláṣẹ òyìnbó ní láti wá ògbufọ̀. Ohùn yẹn ni ó fi kó àwọn obìnrin jọ lòdì sí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ohun ìjà ni Yorùbá jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni í sọ ìtàn ogun tí yóò gba idà lọ́wọ́ akọni?

Àwọn kan yóò ní kí gbogbo ayé lè gbọ́ ọ ni. Àwáwí ni. Ní ọdún 2024 kan náà, olùdarí yìí gbé House of Ga'a jáde. Yorùbá ni Baṣọ̀run Gáà ń sọ níbẹ̀, ìtumọ̀ sì wà nísàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tí kò gbọ́. Èéṣe tí Yorùbá fi yẹ Gáà, tí kò yẹ ìyá Ẹ̀gbá? Ní ilẹ̀ Japan, nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n kí obìnrin darí sinimá, Kinuyo Tanaka darí 6 láàárín 1953 sí 1962. Èyí tí ó ṣe kẹ́yìn sọ ìtàn Ogin, obìnrin ayé àtijọ́ tí ó yan ikú dípò kí ó di àlè alágbára ìlú. Èdè Japan ni Ogin ń sọ. Àwọn àjèjì tí ń wò ó títí dòní, ìtumọ̀ ni wọ́n ń kà.

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ wí. Adìẹ náà ni àwa fúnra wa. Yorùbá ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Àwọn òṣèré sì rí i mú lò. Ìwé eré mélòó ni àwa ti kọ lórí Fúnmiláyọ̀ ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ yàn? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wọn tún un ṣe. Kí olùdarí tí ń bọ̀ lẹ́yìn má rí àwáwí mú, kí ọmọ Útàkò sì gbọ́ Fúnmiláyọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ti gbọ́ ọ.