Ojú Ọmọ, Àmánà Ni

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ẹni tó fún wa ní ìgbọ́rọ̀ àti ìríran. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àfáà ilé-kéwú, ọmọ mélòó la ti nà pé olódo ni, tó jẹ́ pé kò ríran dé ojú pátákó? Nínú kéwú, ara kan náà ni bá, tá àti sá. Àmì tó-tò-tó tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí kò ríran jìnnà kò lè rí àmì yẹn láti ẹ̀yìn. Pàṣán kò sì lè là á lójú.

Ẹ wo ọmọ yín dáadáa. Ṣé ó máa ń fún ojú pọ̀ kó tó kàwé? Ṣé ó máa ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí kó máa wo ìwé ẹni tó jókòó tì í kọ? Ṣé ojú rẹ̀ kan ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Bí ẹ bá rí funfun láàárín ẹyinjú rẹ̀, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Àwọn kan ń sọ pé gíláàsì máa ń ba ojú ọmọdé jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìlò rẹ̀ ló léwu: bí ojú kan kò bá ríran tó èkejì, ọpọlọ ọmọ lè pa á tì, kí ojú náà sì di ọ̀lẹ. Ìtọ́jú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọdún 7. Àwọn mìíràn ń bi wá pé ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń lo gíláàsì. Ẹ jẹ́ kó ríran ná.

Ẹ má fi omi ọmú tàbí tìróò wo ojú ọmọ. Òjé máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò ọjà, ó sì lè ṣe ọpọlọ ọmọdé níjàm̀bá.

Àdúà dára, ṣùgbọ́n Ànábì (SAW) pa wá láṣẹ ká wá ìtọ́jú pẹ̀lú. Bí a bá rówó ra aṣọ ẹbí wàlímà ọmọ, ẹ jẹ́ ká rówó gíláàsì tí yóò fi ka Kùránì náà. Sūratul Isrā'i, āyah 36, kìlọ̀ pé a ó bèèrè nípa ìgbọ́rọ̀, ìríran àti ọkàn. Ojú ọmọ tó wà níkàáwọ́ wa ńkọ́?

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú ojú àwọn ọmọ wa. Àmín.