Sàárà inú oṣù Ràmàdáánì: Ẹ má jẹ́ kí gbájúẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu tálákà

Bí oṣù Ràmàdáánì bá ti wọlé, kò sí Mùsùlùmí tó ní díẹ̀ lọ́wọ́ tí kì í wá ẹni tí yóò fún. Àwọn kan á gbé ìrẹsì fún opó àdúgbò, àwọn kan á gbé oúnjẹ ìṣínu lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn tí owó wọn pọ̀ á sì yọ sàká. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tálákà nìkan ló mọ̀ pé ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń là nínú oṣù yìí. Àwọn gbájúẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í fi àsìkò náà ṣeré.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá pọ̀. Wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín pé ọmọ kan wà lọ́sibítù tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí ẹ tètè fowó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwòrán ọmọ á wà níbẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí òbí rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n lè fi àwòrán àáfà tó lókìkí ṣí ojú ìwé ayédèrú lórí Facebook, kí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó ilé ọmọ òrukàn. Wọ́n sì lè gba WhatsApp mọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ máa rò pé àbúrò yín ló ní kí ẹ wá fi nǹkan kún sàárà tí òun fẹ́ ṣe.

Wọn kì í dá ẹni tó ń retí ìrànlọ́wọ́ náà sí. Wọ́n á ní ìjọba tàbí olówó kan ń pín owó ààwẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà BVN yín ránṣẹ́, kí ẹ sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ fi ń gbowó, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú yín kò nílò ju orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì yín lọ. Ẹni tó bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó tó wà nínú àkáǹtì yín ló ń wá.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ìyà wà nílùú lóòótọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni nǹkan ti gbówó lórí. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé iye tí owó oúnjẹ fi lọ sókè láàárín ọdún kan ju 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tí ẹni tó ń tọrọ tòótọ́tòótọ́ bá ti pọ̀ tó báyìí, ó rọrùn fún òpùrọ́ láti fara pamọ́ sáàárín wọn.

Ẹ rántí ètò MMM tó wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìparí ọdún 2015. Orúkọ ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ yóò gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú èrè 30 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn oṣù kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n dá owó dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì rí tiwọn gbà mọ́. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ wa pé aṣọ àánú bá jìbìtì lára mu dáadáa.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò kan àwọn bó bá jẹ́ olè ló gba owó náà, pé Ọlọ́run ti mọ èrò ọkàn àwọn. Wọ́n rí ibi fẹ̀yìn tì. Ìtàn kan wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, nípa ọkùnrin kan tó ṣe sàárà lóru láìmọ̀ fún olè, fún alágbèrè àti fún olówó, tí wọ́n sì fi yé e pé sàárà rẹ̀ kò já sí asán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kò mọ̀ ni. Ẹni tó lè béèrè, tó sì kọ̀ tí kò béèrè, kò lè fi ara rẹ̀ wé e. Yàtọ̀ sí èyí, bí Ọlọ́run bá tilẹ̀ san ẹ̀san fún ẹni tó fúnni, opó tó yẹ kó jẹ ìrẹsì náà ṣì wà nínú ebi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì lọ́dún yìí, ọwọ́ rẹ̀ á kákò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tálákà gidi yóò jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ kò fi sàká sílẹ̀ láìní ìlànà. Ẹni tí owó tó tó iye wúrà gíráàmù 85 bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún odidi ọdún kan, ní kíka oṣù ojú ọ̀run, náírà 2 àti kọ́bọ̀ 50 ni yóò yọ nínú náírà 100 kọ̀ọ̀kan. Oríṣi èèyàn 8 ni Kùránì sì ní kí wọ́n fún, nínú Súrà Taobah. Àwọn tó ń gba sàká jọ wà lára wọn, nítorí náà kò burú bí ẹgbẹ́ kan bá yọ owó iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè jíhìn iṣẹ́. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ pín in fún, ibi tí wọ́n ti fẹ́ pín in, àti ohun tí wọ́n fi èsí ṣe. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Kí wá ni ṣíṣe? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ kọ́kọ́ wo mọ̀lẹ́bí tí kò ní, lẹ́yìn náà kí ẹ wo aládùúgbò. Sàká ìtúnu ààwẹ̀, tí í ṣe oúnjẹ mùdù 4 fún orí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kírun Yídì, kò nílò àjèjì rárá. Ẹ gbé e fún ẹni tí ẹ mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn, ẹ ṣe sùúrù. Bó bá jẹ́ aláìsàn ni, ẹ pe ọsibítù náà, kí ẹ sanwó sínú àkáǹtì ọsibítù ní orúkọ aláìsàn. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ni, ẹ ní kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín wo orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ CAC tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di olóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré tán, a ó mọ ẹni tí a lè mú. Báńkì máa ń fi orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì hàn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí orúkọ ẹnì kan níbi tó yẹ kí orúkọ ẹgbẹ́ wà, ẹ dúró ná. Àwọn ẹgbẹ́ bíi NASFAT ní ètò tí wọ́n fi ń gba sàká, àmọ́ irú orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ ni gbájúẹ̀ máa ń yá lò. Ẹ lọ sí ẹ̀ka wọn tó sún mọ́ yín, ẹ má tẹ̀lé nọ́ńbà tó kàn wọlé sórí fóònù.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín tó wà ní London náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹgbẹ́ aláàánú tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju 5,000 pọ́n-ùn lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ Charity Commission, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fowó rán sí láti bá wọn pín, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má di ẹjọ́.

Ewu mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti gbájúẹ̀. Nínú oṣù Ràmàdáánì ọdún 2024, àwọn èèyàn kú nínú èrò tó lọ gba sàká nílùú Bauchi. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ọmọdé 35 kú nínú èrò níbi àríyá ọmọdé ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Pípè tí a ń pe èrò jọ kí aráyé lè rí wa kò dára. Ojúlé dé ojúlé ni àwọn bàbá wa ń gbé sàárà lọ, kò sì sí ẹni tó tẹ ẹnikẹ́ni pa.

Bí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì, ẹ má tijú. Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ àti rìsíìtì, kí ẹ fi tó ọlọ́pàá tàbí EFCC létí. Òfin ọdún 2006 tó de jìbìtì sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò sì sí owó ìtanràn tí yóò gba arúfin sílẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má tìtorí gbájúẹ̀ káwọ́ kò, nítorí ẹni tí ebi ń pa kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ máa fúnni, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ọwọ́ tó gbà á.