Ó Fẹ́ Dá Wọ Ọkọ̀ Àwọn Ọlọ́mọ

 Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Òkè Ọya níbí ń bẹ̀rù ẹ̀sín: ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà, tí kò tíì lọ́kọ, fẹ́ dá wọ ọkọ̀ òkun Disney, tí tọkọtaya àti ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń kún. Màmá, kò sí ẹ̀sín níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ilé oúnjẹ tí ọmọdé kì í wọ̀. Owó ni kí ó rò: ẹni tó dá yàrá gbà sábà máa ń san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì. Bí agbára rẹ̀ bá ká a, ẹ súre fún un, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọkọ bà á nínú jẹ́. Ṣebí ọ̀pọ̀ bàbá wa ló dá wọ rélùwéè wá síhìn-ín kí ìdílé tó tẹ̀ lé wọn?