Ẹ Wá Jókòó Létí Òkun, Kí Oníkálukú Gbé Ẹ̀gbin Rẹ̀ Dání

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ̀jú àti Àgbádárìgì, àti ẹ̀yin ará òkè tí ẹ kì í rí òkun àyàfi lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ẹ yà sọ́tọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ẹ wá sétí òkun. Ẹ má gbé ẹ̀rọ orin dání, ẹ má sì pe onílù. Ẹ wá jókòó, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹun, tó ń wẹ̀, tó ń sùn, tí kò ní fi ìdọ̀tí sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ máa ní àṣà òyìnbó ni, pé ẹni tó rówó ló ń ráyè jókòó. Lóòótọ́, àwọn kan ń ta irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ lówó gọbọi. Wọ́n á tẹ́ ẹní aláwọ̀ mèremère sórí yanrìn, wọ́n á lu agogo kékeré kan, wọ́n á sì gba owó oṣù èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ta ló ní a ò ní tiwa? Ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ń wọ ìpèbí kó tó gorí ìtẹ́. Mùsùlùmí ń ṣe íítíkáàfù ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn Ramadan. Àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ń sọdá ẹnubodè lóṣù Kejìlá lọ́dọọdún, wọ́n ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ní ilẹ̀ Benin láti ṣe ìsìn Kérésìmesì létí òkun.

Ìyá tó bí ìyá mi, aláàdúrà ni wọ́n. Bar Beach ni wọ́n máa ń gbé àbẹ́là lọ. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á tẹ yanrìn, wọ́n á sì dúró pẹ́ títí láìsọ̀rọ̀ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n nígbà kan pé, "Màmá, kí lẹ máa ń ṣe níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn?" Wọ́n ní, "Mò ń dúró kí ariwo ilé kọ́kọ́ kúrò létí mi ná." Láti ọjọ́ yẹn, n ò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé ohun tí àṣàrò jẹ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bar Beach yẹn kò sí mọ́. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta gbọọrọ sí ẹnu òkun Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Yanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kọ lu òkúta náà, ó dúró síbẹ̀. Apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ọdún dé, ọdún lọ, wọ́n ń da yanrìn síbẹ̀, òkun ń gbé e mì. Lónìí, ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún fún ìlú tuntun Eko Atlantic ló wà níbẹ̀, ògiri òkúta sì dábùú omi. Síwájú díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ní Òkun Alfa, àwọn ará ibẹ̀ ń kígbe pé omi ń wọlé tọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n bá ṣe létí òkun lápá kan, apá kejì ló ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwa mọ́kànlá láti àdúgbò kan náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun kan lọ́nà Àgbádárìgì. Tísà kan wà níbẹ̀, télọ̀ kan, ìyá kan tó ń ta ata, ọmọ yunifásítì méjì, àti bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí dánfó. Òfin kan ṣoṣo la bára wa ṣe. Oníkálukú gba àpò ìrẹsì òfìfo kan. Gbogbo ohun tí o bá fẹ́ sọ nù láàárín ọjọ́ mẹ́ta, inú àpò rẹ ni kó wọ̀. Kò sí gáábéèjì àjọlò. Níbi tí o bá sùn sí, ibẹ̀ ni àpò rẹ máa wà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń jókòó. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ẹ fìdí lélẹ̀, ẹ na ẹ̀yìn yín, ẹ gbọ́ ìgbì. Ó wọlé, ẹ mí sínú. Ó padà, ẹ mí síta. Bí èrò owó ilé bá dé, ẹ má bá a jà, ẹ padà sọ́dọ̀ ìgbì. Ọjọ́ kìíní le. Bàbá onídánfó yẹn ò lè jókòó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ń wá klọ́ọ̀ṣì tẹ̀. Tísà ń sùn, ó ń hanrun. Èmi náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò mi níbi tí fóònù máa ń wà.

Ọjọ́ kejì ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í là. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun wa ń kún tó sì ń fà, ibi tó bá kún dé ló ń da ẹrù rẹ̀ sí. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ fún wákàtí kan, kò sí bí kò ṣe ní rí i. Láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì nìkan, mo ka ìdérí ìgò mẹ́tàlélógún. Sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ò sí. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà pọ̀ bí ewé inú igbó, òmíràn ti gé wẹ́wẹ́ débi pé yanrìn àti ike ò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Ike kì í jẹrà bí ewé. Ó ń kéré sí i ni, títí tí ẹja á fi gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló kó o débẹ̀? Àwọn tó wá ṣe fàájì kọ́ ló ju èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀. Gọ́tà iwájú ilé wa ni. Ọ̀rá tí ọmọ jù sí gọ́tà ní Mushin, òjò á gbá a lọ sí kánáà, kánáà á gbé e fún ọ̀sà, ọ̀sà á gbé e fún òkun. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí fo yín dá, odò Ògùn tó gba àárín ìlú yín kọjá, ọ̀sà Èkó ló ń wọ̀. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, odò Ọ̀ṣun tí ẹ ń bọ, apá Lẹ́kí ni ó ti ń bá ọ̀sà pàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ̀yin ará òkè náà wá. Ẹrù yín ti ṣáájú yín débẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá apẹja kan tó ń kọjá lọ rí tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ yunifásítì kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, pa iná yẹn. Òun ló ń ṣì wọ́n lọ́nà." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú wa lọ wo ipa ìjàpá òkun lórí yanrìn, bí ìgbà tí wọ́n wọ́ táyà kọjá. Òru ló máa ń gòkè wá, á gbẹ́ yanrìn, á yé ẹyin tó lè tó ọgọ́rùn-ún, á bò ó, á sì padà sínú omi. Ní nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ á pa, ìmọ́lẹ̀ ojú omi ni wọ́n á máa tọ̀. Bí iná hòtẹ́ẹ̀lì bá mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ojú títì ni wọ́n á kọrí sí. Èyí tó bá sì dénú òkun, ọ̀rá tó ń léfòó níbẹ̀ jọ ẹran omi kan tó ń mì bí ẹ̀kọ, tí ìjàpá òkun fẹ́ràn láti jẹ. Ó gbé e mì, ìfun rẹ̀ dí.

Ní ti oúnjẹ, ìyá kan ní abúlé tó wà nítòsí la san owó fún láti máa sè fún wa. Ẹ̀kọ inú ewé, ẹja yíyan, àgbọn. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi dáná. Tísà bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi ọ̀rá pọ́n ẹ̀kọ bíi tàwọn ará Èkó. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀: "Ewé wà lẹ́yìnkùlé mi, kí n wá máa fowó ra ọ̀rá?" Kànrìnkànrìn àti ọṣẹ dúdú la fi wẹ̀, ìlàjì bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kan. Ó tó. Ẹnu yà mí pé ó tó. Ṣáláńgá tí a gbẹ́ jìnnà sómi, eérú àti èérún pákó tí a gbé wá láti sọ́mìlì la ń dà sí i, kò rùn rárá. Èèpo iṣu àti ti ọsàn, a kó o sínú kòtò kan lẹ́yìn igi àgbọn, a fi ewé gbígbẹ àti yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí wọ́n bá ń bu omi díẹ̀ sí i tí wọ́n ń yí i, oṣù méjì sí mẹ́ta, ó ti di ajílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, a jókòó bí a ṣe máa ń jókòó, àmọ́ òkun kọ́ la kọjú sí. Oníkálukú kọjú sí àpò rẹ̀. A tú u palẹ̀. Tèmi: ọ̀rá píọ́ wọ́tà mẹ́sàn-án tí mo rà ní jẹ́tì kí orí mi tó pé, ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá bisikíìtì mẹ́fà, ìgò minirá méjì. Ti tísà ju tèmi lọ, ojú ń tì í. Ti ìyá aláta? Àpò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Okùn kan àti bébà kan ló wà níbẹ̀, ìyókù ti wọ kòtò ajílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń náwó láti kékeré nìyẹn, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, abọ́ tiwọn ni wọ́n fi ń bu epo. Ẹ má rò pé ìṣẹ́ ni mò ń yìn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé olùkọ́ tí a ń wá kiri, a jọ wọkọ̀ wá ni.

Ibì kan wà tó dùn mí. Ẹni tó háyà ibùdó fún wa ti sọ pé òun ń palẹ̀ ìdọ̀tí àlejò mọ́. Bí a ṣe ń lọ, mo rí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó ń da ẹ̀gbin àwọn tó ṣáájú wa sínú kòtò ní ogún ìṣísẹ̀ sí omi, ó ń fi yanrìn bò ó. Òkun á tú u kí oṣù tó parí. Ẹ bi ẹni tó ń háyà ibùdó fún yín léèrè kí ẹ tó sanwó: níbo lẹ ń kó o sí? Bí kò bá lè mú yín débẹ̀, ẹ wá ibòmíràn.

N ò ní parọ́ fún yín pé àpò ìrẹsì ló máa dá òkun dúró. Ẹ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ. Ní 1947 ni àwọn Kérúbù àti Séráfù kan tẹ ìlú náà dó sórí irà létí òkun. Wọ́n jọ ń sìn, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni èrè ń wọ̀. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hunṣọ, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wà lókùnkùn. Bí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá bá ti gbìyànjú láti fi àdúrà àti ìmọ̀wọ̀n gbé ayé létí omi, àwọn ni. Òkun ti gbé ilé wọn lọ, ó gbé itẹ́ òkú wọn lọ. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kọ́ ló ṣe é. Òkun ń ga nítorí pé ayé ń gbóná, ayé sì ń gbóná nítorí epo àti èédú tí àwọn tó lówó jù wá lọ ń sun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti àpò tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ á gbà á láti bi àwọn tó ń wa yanrìn etíkun tà lálaalẹ́, àti àwọn tó ń kó òkúta sómi, pé ta ló máa sanwó rẹ̀.

Òfin pàápàá ti wà lórí ike. Ìjọba Èkó fòfin de ike tékàwéè funfun yẹn ní January 2024, àwọn ike àlòsọnù mìíràn sì tẹ̀ lé e ní July 2025. Ẹ lọ wo búkà tó súnmọ́ yín.

Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo ní fún yín. Ní Salvador ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Yemọja lọ, February 2 lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn lọ sójú òkun fún un. Àwọn kan níbẹ̀ ti ń rọ ara wọn báyìí pé òdòdó àti oúnjẹ ni kí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, kí wọ́n má ju ìgò lọ́fínńdà àti ike sómi. Ẹ̀yin alábẹ́là, ẹ̀yin olórìṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń ju ìgò àdúrà sókun, ẹ gbọ́ ohun táwọn mọ̀lẹ́bí wa ń sọ lókè òkun.

Nítorí náà, láàárín November sí February, ẹ kó ara yín jọ. Èèyàn mẹ́wàá tó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe é, àsàlátù lè ṣe é, ẹgbẹ́ akọrin lè ṣe é. Ẹ má lọ lóṣù Kẹjọ, òkun máa ń bínú nígbà náà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sì lọ, ẹ má wọ omi kọjá orúnkún, nítorí omi tó ń fani lọ sínú kì í pariwo. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu dání láti ilé. Ẹ gbé abọ́ tiyín. Ẹ sanwó fún àwọn ìyá abúlé tó máa dáná, ẹ sì kí baálẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ẹní.

Bí ẹ bá ń padà bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gáábéèjì ńlá kan á wà ní jẹ́tì tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀ sí. Ẹ má da àpò yín síbẹ̀. Ẹ gbé e wọ dánfó, kí ẹ gbé e lé orí itan yín, ẹ jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ bínú. Ẹ gbé e wọ kíṣìnnì yín, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, níbi tí gbogbo ará ilé ti máa bi yín léèrè pé kí lẹ gbé bọ̀ látẹ̀gbẹ́ òkun.